Nígbà Tí Káàdì Bá Gbówó Lórí

Fóònù tó já sínú ọṣẹ olómi ló so Olúwafúnkẹ́mi pọ̀ mọ́ Fọlábí. Ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ àti ìpara ní Oregun ni Fúnkẹ́mi ti ń ṣiṣẹ́, òun ló máa ń yẹ àwọn ìgò wò kí wọ́n tó kó wọn sínú páálí. Lọ́jọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ láti wo ohun kan, fóònù yọ́ bọ́ nínú àpò rẹ̀, ó sì rì. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó gbé e lọ sí Ìkẹjà, sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jókòó sídìí tábìlì kékeré gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú u, ó gbé e sí imú, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Sista, fóònù yín yìí mọ́ ju èmi tí mo fẹ́ tún un ṣe lọ."

Inú ti ń bí Fúnkẹ́mi láti ọ̀sán, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun náà kó tó mọ̀. Nígbà tó padà lọ gba fóònù, Fọlábí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó ṣáà padà wá sọ fún òun tó bá yá bóyá ó ṣì ń ta sánsán. Fúnkẹ́mi padà lọ. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Fúnkẹ́mi kì í ṣe ọmọdé nígbà náà. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, òun àti bàbá rẹ̀, Bàbá Olúgbénró, ni wọ́n jọ ń gbé nínú yàrá méjì ní Agége. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni bàbá náà. Ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà ló ti lo gbogbo ìgbà èwe rẹ̀, títí ilé-iṣẹ́ náà fi kógbá wọlé. Láti ìgbà náà, ilé ló ń jókòó sí, òun ló sì ń se oúnjẹ alẹ́ de ọmọ rẹ̀. Tí Fúnkẹ́mi bá ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìdí sítóòfù: "Ṣé wọn ò dà ọ́ láàmú níbi iṣẹ́?" Bí wọ́n bá tilẹ̀ dà á láàmú, Fúnkẹ́mi á ní rárá.

Bọ́ọ̀lù ni Fọlábí fi wọ ilé náà. Ní gbogbo Sátidé tí kò bá sí iṣẹ́ púpọ̀, á wá láti Ìkẹjà, òun àti bàbá á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa bá rẹfirí jà bí ẹni pé ó ń gbọ́ wọn. Bàbá Olúgbénró á na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n: "Wò ó! Wo olè!" Fọlábí á gbá orí ara rẹ̀ mú. Fúnkẹ́mi tó ń gé ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilé á dá iṣẹ́ dúró kó lè gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì dáadáa. Inú rẹ̀ a dùn nígbà mìíràn débi pé ẹ̀rù á máa bà á.

Ọ̀rọ̀ káàdì wọlé nígbà kòrónà. Wọ́n ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù pa, Fọlábí jókòó sílé láìníṣẹ́, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olúwarótìmí, tó ń gbé ní Manchester bá fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ ẹni tó ń bọ̀. Páálí pẹlẹbẹ kéékèèké ni, kò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, wọ́n tẹ àwòrán agbábọ́ọ̀lù sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dán gbinrin. Rótìmí ní àwọn òyìnbó ń kó o jọ, wọ́n sì ń fi owó ńlá rà á lọ́wọ́ ara wọn. Fọlábí gbé àwòrán ọ̀kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti fi dánra wò. Ẹnì kan ní Kánádà rà á, owó tó san ju èyí tí Fọlábí ń rí lóṣù kan nídìí fóònù lọ.

Láti ọjọ́ náà, Fọlábí di akẹ́kọ̀ọ́ káàdì. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yẹ igun àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò, tí wọ́n á fún un ní máàkì, tí wọ́n á sì dè é pa sínú ike líle. Ó mọ èyí tí agbábọ́ọ̀lù fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ọwọ́ lù àti èyí tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí lẹ́yìn. Nítorí ooru àti ọ̀rinrin Èkó tó ń ká páálí kò, ó ra àpótí onírin kan, Fúnkẹ́mi sì ń bá a tọrọ àwọn àpò oògùn tó ń fa omi nínú afẹ́fẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó máa ń tò wọ́n sáàárín àwọn káàdì náà fún un fúnra rẹ̀, tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ibùsùn ọmọ.

Ọmọkùnrin agbábọ́ọ̀lù ará Brazil kan wà tí Fọlábí gbára lé jù. Ó fi káàdì rẹ̀ han Fúnkẹ́mi.

"Wo ọmọ yìí dáadáa, Fúnkẹ́. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Tó bá dàgbà tán, gbogbo ayé ló máa mọ̀ ọ́n. Káàdì rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí. Ní ọdún mẹ́wàá sí i, á ti kọjá ohun tí èèyàn ń fẹnu sọ."

"Tí kò bá wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Á rí bẹ́ẹ̀."

"Ọdún mẹ́wàá ti jìnnà, Fọlá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fà á mọ́ra. "Ṣebí a ti jọ wà níbí?"

Kò purọ́ fún un, ìyẹn ló sì le jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Fún ìgbà díẹ̀, owó àwọn káàdì náà lọ sókè bí ẹ̀fúùfù ṣe ń gbé bébà. Ọkùnrin kan ní Lẹ́kkí, tó ń kó irú rẹ̀ jọ, gbọ́ nípa rẹ̀, ó wá sí Ìkẹjà, ó wo àpótí náà látòkè délẹ̀, ó sì ní òun á gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó fẹ́ san á gba ilé fún wọn, á ṣe ìgbéyàwó, á tún ṣẹ́ kù fún Fọlábí láti gba ṣọ́ọ̀bù gidi. Fúnkẹ́mi gbá a lápá mú nígbà tó gbọ́.

"Tà á, Fọlá. Jọ̀ọ́. Jẹ́ ká fi bẹ̀rẹ̀ ayé wa."

Fọlábí mi orí. "Gbogbo àwọn tó tètè ń ta ló ń kábàámọ̀. Lọ wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá tà á lónìí, yàrá méjì la máa fi gbà. Tí mo bá ní sùúrù, ilé la máa fi kọ́. Kì í ṣe nǹkan à-rà-tà lọ́jọ́ kan náà, Fúnkẹ́. Ọjọ́ pípẹ́ ni."

Bàbá Olúgbénró pàápàá gbè é lẹ́yìn. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ronú ẹ̀yìn ọ̀la ṣọ̀wọ́n, kí Fúnkẹ́mi mú un jẹ́jẹ́. Uswat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń yẹ ìgò wò, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti bímọ mẹ́ta, ló kàn wò ó lójú nígbà tó ròyìn rẹ̀ fún un tán.

"Káàdì kọ́ ló ń dúró níbẹ̀ yẹn o, Fúnkẹ́. Ìwọ ni."

Fúnkẹ́mi bínú sí i. Kò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi ṣíwọ́ iṣẹ́.

Ó sì dúró. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ sílé ọkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyá ìjọ kọ́kọ́ ń bi í pé ìgbà wo ni, nígbà tó yá, wọn ò bi í mọ́, wọ́n kàn ń fi ọwọ́ gbá a léjìká. Ní gbogbo sáà bọ́ọ̀lù, àwọn tó ń ṣe káàdì ń tẹ òmíràn jáde: ọmọ Brazil yẹn kan náà nínú aṣọ pupa, nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú wúrà létí káàdì, láìní wúrà. Káàdì rẹ̀ wá pọ̀ bí ewé. Fọlábí ní àwọn yẹn kò já mọ́ nǹkan kan, pé tòun ni àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń dá lé tirẹ̀ náà ń rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi inú kòtò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tó yá, ọmọ náà fi orúnkún ṣèṣe. Fọlábí sunkún lọ́jọ́ náà. Fúnkẹ́mi dì í mú lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ sí ọsibítù.

"Á padà," ni Fọlábí ń wí ṣáá. "Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ń bọ̀. Tó bá ti gbá góòlù kan péré níbẹ̀, owó rẹ̀ á fò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni mo máa tà. Mo ṣèlérí fún ẹ."

Lẹ́yìn Kérésìmesì ni ẹsẹ̀ Bàbá Olúgbénró bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó dín iyọ̀ kù, ó sì ń se ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀ nínú fún ara rẹ̀, á tún se tọmọ rẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Sátidé kan nínú oṣù kejì, Fọlábí dé, ó bá tẹlifíṣọ̀n ní pípa. Bàbá ní kó jókòó. Fúnkẹ́mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Fọlábí, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, má bínú sí mi."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Ṣé o fẹ́ ọmọ mi?"

"Mo fẹ́ ẹ, sà. Ọlọ́run gbọ́."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni." Bàbá náà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú sórí àpótí ìtìsẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Mú màmá rẹ wá kí mi. Mi ò sọ pé ìgbéyàwó o. Kí wọ́n ṣáà wá, kí n mọ̀ wọ́n, kí àwọn náà mọ̀ mí, kí n lè fi ọwọ́ ara mi fà á lé yín lọ́wọ́. Mi ò béèrè nǹkan kan. Omi tútù wà nílé."

Fọlábí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ ṣé, sà. Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ẹ jọ̀ọ́, tí Ife Ẹ̀yẹ yìí bá ti kọjá báyìí, mi ò ní jẹ́ kó pẹ́. Mi ò fẹ́ kó àwọn èèyàn mi wá síwájú yín lọ́wọ́ òfìfo ni, sà."

Bàbá Olúgbénró wò ó níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí.

"Ìgbà wo ni wọ́n máa gbá a?"

"Oṣù kẹfà, sà."

"Ó dáa. Dìde. Bá mi tan nǹkan yẹn, ká mọ ohun tí wọ́n ń gbá."

Nígbà tí Fúnkẹ́mi sìn ín dé ibùdókọ̀, ó dojú kọ ọ́.

"Bàbá ní omi tútù ti tó. Kí ló dé tí kò tó fún ìwọ?"

"Fúnkẹ́, ọkùnrin ni mí. Ṣé o fẹ́ kí ẹbí ẹ máa sọ pé ọkùnrin tí kò ní láárí lo rí mú wálé?"

"Ẹbí wo? Èmi àti bàbá mi nìkan la wà nínú ilé yẹn!"

Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ yíjú sí wọn. Fọlábí di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Oṣù mẹ́rin, Fúnkẹ́. Gbogbo ọdún tí a ti fi dúró yìí, kí ni oṣù mẹ́rin?"

Bàbá Olúgbénró kò rí ìparí oṣù kẹrin nínú ọdún. Ọ̀sán ọjọ́ Tusidé kan ni. Fúnkẹ́mi wà nídìí ìgò nígbà tí obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé pè é, tó kàn ní kó máa bọ̀. Nígbà tó dé, wọ́n ti tẹ́ bàbá rẹ̀ sórí ibùsùn, wọ́n ti pa sítóòfù. Iṣu tó ti bẹ wà nínú omi nínú abọ́, ó ti gé e tán, ó ti ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún èyí tí kò ní níyọ̀. Fúnkẹ́mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ náà. Wọ́n ní kó sunkún, ẹkún kò wá.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n sin ín sí. Fọlábí wà lára àwọn tó gbé pósí, ojú rẹ̀ pọ́n kankan, nígbà tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da erùpẹ̀, ó kúnlẹ̀ létí ihò, ó ń sọ nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ìyá rẹ̀ náà wá láti Ṣágámù. Obìnrin kúkúrú tí ara rẹ̀ balẹ̀ ni. Ó di Fúnkẹ́mi mọ́ra fún ìgbà pípẹ́.

"Ó dùn mí pé ibí yìí la ti pàdé, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí ọkàn mi ti ń fẹ́ mọ bàbá yín."

"Àwọn náà fẹ́ mọ̀ yín, mà. Ìyẹn ni wọ́n fi ránṣẹ́ pè yín."

Obìnrin náà fà sẹ́yìn díẹ̀. "Pè mí? Nígbà wo?"

"Nínú oṣù kejì, mà. Wọ́n ní kí Fọlábí mú yín wá."

Ìyá Fọlábí wò ó. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ibi tí ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ sí. "Kò sọ fún mi," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ṣágámù kò jìnnà. Tó bá sọ fún mi láàárọ̀, mi ò bá dé lọ́sàn-án. Ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi wá. Kí ni mo tún ń dúró dè?"

Níbẹ̀ ni Fúnkẹ́mi ti bú sẹ́kún.

Kò pẹ́ sí i tí wọ́n fi ka orúkọ àwọn tó ń lọ gbá Ife Ẹ̀yẹ. Orúkọ ọmọ Brazil yẹn kò sí níbẹ̀. Uswat ló sọ fún Fúnkẹ́mi, ọkọ rẹ̀ ló gbọ́ ọ lórí rédíò. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ nípa káàdì ọmọ náà mọ́. Fọlábí kó gbogbo rẹ̀ tọ ọkùnrin Lẹ́kkí yẹn lọ. Ọkùnrin náà ní òun kò kó irú rẹ̀ jọ mọ́, pé àwọn tí wọ́n ti tẹ̀ kí wọ́n tó bí òun nìkan lòun ń rà báyìí, káàdì àtijọ́ tí wọn ò lè tẹ̀ mọ́. Bóyá àánú ló ṣe é, ó gba àpótí náà. Ohun tó san kò tó gba yàrá kan.

Ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, Fọlábí wá sí Agége pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Olúwarótìmí tó wá sílé fún ìsinmi tẹ̀ lé wọn. Wọ́n gbé iṣu, àpò iyọ̀, oyin, èso, wọ́n wọ aṣọ tó dáa. Fúnkẹ́mi fi àga lọ̀ wọ́n, ó gbé omi tútù wá lórí àwo. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn dákẹ́, nítorí wọ́n ń dúró de ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹni náà kò sì sí.

Fọlábí dìde, ó wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Mo ti ta gbogbo rẹ̀, Fúnkẹ́. Kò ku ẹyọ kan."

"Mo gbọ́."

"Mo ṣàṣìṣe. Mi ò mọ̀ pé Bàbá máa kú. Mi ò bá ti wá lọ́jọ́ kejì."

"Mo mọ̀, Fọlá."

"Ṣé o kò fẹ́ mi mọ́ ni?"

Fúnkẹ́mi wò ó lójú. "Mo fẹ́ ẹ. Ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú. Tó bá jẹ́ pé o kò fẹ́ràn bàbá mi ni, ì bá rọrùn, mi ò bá bú ẹ kí n sì gbàgbé ẹ. O fẹ́ràn wọn. O jókòó tì wọ́n, o rí ẹsẹ̀ wọn. O mọ ohun tí wọ́n ń tọrọ, o sì wò ó pé wọ́n lè dúró. Èmi náà bá ẹ gbà á. Nígbà tí mo bá rí ẹ báyìí, ohun tí mò ń rí nìyẹn. Mi ò lè jókòó tì í lójoojúmọ́ ayé mi."

"Fún mi lákòókò. Mo lè dúró—"

"Jọ̀ọ́," ni Fúnkẹ́mi wí. "Má lo ọ̀rọ̀ yẹn fún mi mọ́."

Ìyá Fọlábí ló dìde. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì bínú. Ó súre fún Fúnkẹ́mi, ó mú ọmọ rẹ̀ lápá bí ìgbà tó ṣì kéré, wọ́n jáde. Rótìmí ní kí wọ́n fi ẹrù náà sílẹ̀ níbẹ̀. Fúnkẹ́mi pín in fún àwọn ará ilé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó kó kúrò ní Agége lẹ́yìn ìyẹn, ó gba yàrá kan lápá Abúlé Ẹ̀gbá. Kò lè gbọ́ ariwo bọ́ọ̀lù láti ilé kejì láìfi ọwọ́ di etí. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń yẹ ìgò wò, tí Uswat bá sọ nǹkan tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín, á rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ìbànújẹ́ náà ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó di ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, bí wọ́n ṣe ń bọ́ aṣọ iṣẹ́, Uswat sọ fún un, láìwò ó lójú, pé Fọlábí ti gbé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bá a rí ìwé ìrìnnà gbà, ó sì wọ bàálù lọ bá a ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní kí Uswat bá òun kí Fúnkẹ́mi.

"Ṣé kò sọ nǹkan mìíràn?"

"Kò sọ nǹkan mìíràn."

Fúnkẹ́mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di àpò rẹ̀, ó jáde, ó tò sórí ìlà bí àwọn tó kù, ó sì rí àyè jókòó nínú bọ́ọ̀sì BRT lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkọ̀ kò tíì jìnnà tí omijé fi ya bo Fúnkẹ́mi lójú. Ó fi ìborùn bo ojú, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì, kò sì lè dá a dúró. Ìyá arúgbó kan ló jókòó tì í, ó gbé apẹ̀rẹ̀ tó ti ṣófo lé itan. Obìnrin náà ṣe bí ẹni tí kò rí i fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi eyín ya ọ̀rá omi kan, ó tì í sí i lọ́wọ́.

"Mu ún. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ta ló kú fún ọ?"

Fúnkẹ́mi la ẹnu láti sọ pé bàbá òun ni, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló jáde.

"Kò kú, mà. Ó wà láàyè."

Ìyá arúgbó náà mi orí pẹ̀lẹ́. Ó kàn gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sọ̀ sílẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀, kí Fúnkẹ́mi lè ráyè fara tì í, bọ́ọ̀sì sì ń gbé wọn lọ.